Armidale, Bellingen tàbí Bright: ìlú kékeré onígi wo ní Ọsirélíà lẹ máa yàn?

Físà 491, ìyẹn físà ìgbèríko fún òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́, ló ń gbé ọ̀pọ̀ nínú wa dé ìgbèríko Ọsirélíà lóde òní. Ó ń fi máàkì 15 kún máàkì tí wọ́n fi ń yan ẹni tó fẹ́ ṣí wá, ọdún márùn-ún ni wọ́n sì ń fún èèyàn, àmọ́ àdéhùn wà nínú ẹ̀: Sydney, Melbourne àti Brisbane kò sí lára ibi tẹ́ ẹ lè gbé. Tẹ́ ẹ bá ti lo ọdún mẹ́ta ní ìgbèríko, tẹ́ ẹ ṣiṣẹ́, tí ìwé owó orí yín sì fi í hàn, ẹ lè wá béèrè fún 191, ìyẹn ìwé ìgbélùú gbére. Ti àwọn dókítà tó kàwé nílẹ̀ òkèèrè tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́wàá ni òfin ní kí wọ́n fi ṣiṣẹ́ níbi tí dókítà ò ti tó, kí wọ́n tó lè máa gba owó Medicare, ètò ìlera ìjọba, níbi tó bá wù wọ́n. Ìlú kékeré tẹ́ ẹ bá yàn, ẹ máa pẹ́ níbẹ̀.

Fọ́tò ló ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Ẹ tẹ orúkọ Bright sórí Google, ewé pupa lẹ máa rí, ewé aláwọ̀ wúrà, odò tó mọ́ gaara, ọmọdé lórí kẹ̀kẹ́. Ọkàn á ti fà síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń gbalé. Èmi ò bá igi jà o. Ṣùgbọ́n ìlú tó bá jẹ́ pé ẹwà nìkan ló ń tà, àlejò ló máa ń gba ilé mọ́ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ níbẹ̀. Ìlú tó ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, tó ní yunifásítì tàbí ilé ìwòsàn ńlá, ni ẹni tuntun ti tètè ń fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ohun tí mo fi ń wọn àwọn ìlú wọ̀nyí nìyẹn, ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan mìíràn wọ̀n wọ́n lè má gbà pẹ̀lú mi.

Bí wọ́n ṣe rí

Armidale wà lórí òkè ní àríwá ìpínlẹ̀ New South Wales, lórí ilẹ̀ àwọn Anaiwan, àwọn onílẹ̀ tó wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Ó ga sókè tó nǹkan bí 980 mítà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí agbede méjì Sydney àti Brisbane. Èèyàn ibẹ̀ lé ní 20,000. Yunifásítì New England ló gbé ìlú náà ró. Ní 1938 ni wọ́n dá a sílẹ̀ lábẹ́ Yunifásítì Sydney, ó sì dá dúró ní 1954. Kàtídírà méjì ló wà láàárín ìlú, ti Áńgílíkà àti ti Kátólíìkì, ilé ẹ̀kọ́ onílé gbígbé sì wà lọ́tùn-ún lósì. Àwọn igi tó wà lójú pópó, àwọn òyìnbó ló kó wọn wá láti Yúróòpù: oak, elm, poplar. Oṣù Kẹrin sí Karùn-ún ni ewé wọn ń wọ́, torí pé ìsàlẹ̀ ayé níbí, oṣù Kẹfà sí Kẹjọ lòtútù ń mú, Kérésìmesì sì bọ́ sínú ooru.

Bellingen wà nísàlẹ̀, létí odò Bellinger, lórí ilẹ̀ àwọn Gumbaynggirr. Nǹkan bí 3,000 èèyàn ló ń gbé ibẹ̀. Màlúù àti gẹdú ló dá ìlú náà sílẹ̀. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn ọ̀dọ́ tí ayé Sydney ti sú bẹ̀rẹ̀ sí í wá, àwọn híppì, wọ́n sì fi àmì wọn sílẹ̀: ọjà oṣooṣù, orin, àwọn tó ń mọ ìkòkò, àwọn tí kì í jẹran. Igbó òjò wà lókè wọn, igi kàfúrà tí wọ́n kó wá láti Éṣíà sì kún etí odò. Erékùṣù kékeré kan wà nínú odò náà, láàárín ìlú gan-an, tí àdán ńlá ẹgbẹẹgbẹ̀rún máa ń sùn sí. Lálẹ́ wọ́n á tú jáde, ojú ọ̀run á ṣú. Ó dáa láti wò. Kẹ́ ẹ gbé ní tòsí wọn ló kù, ariwo ìdájí àti òórùn wọn kì í ṣe kékeré.

Ọ̀nà kan ló so ìlú méjèèjì pọ̀, Waterfall Way, ó ń gun òkè gba Dorrigo kọjá. Ẹ lè jẹun àárọ̀ ní Bellingen kẹ́ ẹ jẹ tọ̀sán ní Armidale, síbẹ̀ aṣọ tẹ́ ẹ máa wọ̀ nínú ọ̀kan ò ní wúlò nínú èkejì.

Bright wà ní ìpínlẹ̀ Victoria, nínú àfonífojì odò Ovens, níbi tí òkè ńláńlá ti yí i ká. Nǹkan bí 2,600 lèèyàn ibẹ̀. Wúrà ló kó èèyàn lọ síbẹ̀ ní àwọn ọdún 1850. Ìtàn ibẹ̀ sì kọjá ewé rírẹwà: ní 4 Oṣù Keje 1857, àwọn awakùsà òyìnbó lé àwọn ará Ṣáínà kúrò ní àfonífojì Buckland tó wà nítòsí, wọ́n sì ba àgọ́ wọn jẹ́. Lónìí, àlejò ni wúrà ibẹ̀. Wọ́n ń wá wo ewé nígbà ọdún ìwọ́wé ní ìparí oṣù Kẹrin, wọ́n ń gba ibẹ̀ lọ ṣeré lórí yìnyín ní Mount Hotham, wọ́n sì ń gun kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ tí wọ́n sọ di ọ̀nà kẹ̀kẹ́ láti Wangaratta.

Àwọn kan á ní Maleny ńkọ́, ní Queensland. Ó tutù lójú, ó ń rọ̀ púpọ̀, nǹkan bí wákàtí kan ààbọ̀ ni sí Brisbane. Ṣùgbọ́n abẹ́ Sunshine Coast ló wà, àwọn olówó Brisbane sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Fún akẹ́kọ̀ọ́, ìyàtọ̀ kan tún wà: ẹni tó bá kàwé gboyè tó sì gbé ní ìgbèríko lè gba físà iṣẹ́ kejì. Ní agbègbè Sunshine Coast ọdún kan ni, ní àwọn mẹ́ta yòókù yìí ọdún méjì ni. Mo fi Maleny sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn.

Ilé àti iṣẹ́

Ní Bright, ọ̀pọ̀ ilé tẹ́ ẹ bá rí tí fèrèsé rẹ̀ tì, ará Melbourne ló ni ín. Wọ́n ń wá ní Ọdún Àjíǹde àti nígbà yìnyín, ìyókù ọdún wọ́n ń fi í gbàlejò alaalẹ́. Owó tí onílé ń rí lálẹ́ mẹ́ta lè ju èyí tí ayálégbé máa san lọ́sẹ̀ lọ, ẹ ò sì ní bá a wí. Òṣìṣẹ́ tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn àlejò yẹn, Myrtleford ló ti ń wakọ̀ wá, nǹkan bí 30 kìlómítà, tàbí Wangaratta tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá gbà yín síṣẹ́ ní Bright, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá bóyá wọ́n ní ilé òṣìṣẹ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé. Tí kò bá sí, ẹ kọ́kọ́ wá ilé sí Myrtleford.

Àìsàn kan náà ló ń ṣe Bellingen, ibi tó ti wá ló yàtọ̀. Láti ìgbà Kòrónà ni àwọn tó ń ti inú yàrá ṣiṣẹ́ Sydney ti kó owó Sydney wá síbẹ̀. Ilé wọ́n, èyí tí kò bá wọ́n, ẹ béèrè ìdí. Àwọn tí mo rò pé wọ́n gbọ́n jù ń gbé ní Coffs Harbour, bí ìrìn ìdajì wákàtí pẹ̀lú mọ́tò, níbi tí iṣẹ́ gan-an wà, wọ́n sì ń lọ gbafẹ́ ní Bellingen.

Armidale lọ́rọ̀ ilé ti rọjú jù. Ìlú akẹ́kọ̀ọ́ ni, ó mọ ayálégbé. Ẹ kàn má dé ní oṣù Kejì, nígbà tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń wálé. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń ka owó ilé níbí, kò sí pé ẹ ń san ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan bíi ti Èkó. Ní New South Wales, owó ìdúró tí onílé lè gbà kò gbọ́dọ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ. Ohun tó ń dí wa lọ́wọ́ ni ìwé ibi tẹ́ ẹ ti gbé rí, èyí tí ẹni tuntun kì í ní. Lẹ́tà ibi iṣẹ́ àti ìwé báǹkì ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò rẹ̀.

Ní ti iṣẹ́, gbogbo wọn ló ń wá nọ́ọ̀sì àti olùtọ́jú arúgbó. Ìṣòro wà níbi ẹnì kejì. Ìyàwó lè jẹ́ nọ́ọ̀sì, kí iṣẹ́ rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kó tó dé, ṣùgbọ́n ọkọ tó jẹ́ akáǹtáǹtì, kí ni yóò ṣe ní Bright? Iṣẹ́ ilé oúnjẹ ló pọ̀ níbẹ̀, ó sì ń tẹ̀ lé àsìkò àlejò. Ní Armidale, yunifásítì wà, ilé ìwòsàn ńlá wà, ilé ẹ̀kọ́ pọ̀, ọ́fíìsì ìjọba wà. Ẹ̀kọ́ ìṣègùn àti ti nọ́ọ̀sì wà nínú yunifásítì náà, ọmọ lè ti ilé lọ kàwé dé òpin. Mo ti rí i pé ibi tí iṣẹ́ ẹnì kejì ò bá sí, ìdílé kì í pẹ́ kó kó lọ, yálà ewé pupa tàbí kò pupa.

Òtútù, omi, iná

Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó fi ń dán èèyàn wò, ibí ni mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà.

Ti Armidale ni òtútù. Lóru oṣù Keje, ó lè lọ sí ìwọ̀n márùn-ún lábẹ́ òdo, bẹ́ẹ̀ àwọn ilé náà kì í sábà ní ohun tó ń sé òtútù mọ́ra wọn bíi ti Yúróòpù. Tẹ́ ẹ bá jí, ìrì á ti dì pa lójú gíláàsì mọ́tò. Ẹ má da omi gbígbóná sí i o, gíláàsì á sán. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ló wà fún un, tàbí káàdì báǹkì àtijọ́ tẹ́ ẹ fi ń họ ọ́ kúrò. Tẹ́ ẹ bá ń wá ilé, ẹ wo ibi tí fèrèsé pálọ̀ kọjú sí. Apá àríwá loòrùn máa ń wà níbí nígbà òtútù, kì í ṣe gúúsù. Ilé tó kọjú sí àríwá á gba oòrùn látàárọ̀ dalẹ́, èyí tó kọjú sí gúúsù á máa tutù bíi firíìjì. Ọ̀pọ̀ ń dáná igi nínú ilé, èéfín rẹ̀ sì máa ń jókòó sínú kòtò ìlú ní òwúrọ̀ tí kò bá sí afẹ́fẹ́. Ẹni tó ní ikọ́ fée nílé, kó wá ilé tó wà lókè díẹ̀. Ọ̀dá tún wà: ní 2019, omi ìlú náà lọ sílẹ̀ débi pé ìwẹ̀ gan-an ní ìwọ̀n.

Ti Bellingen lomi. Afárá tó wà láàárín ìlú ò ga, bí òjò bá rọ̀ gan-an lórí òkè Dorrigo, odò á gun orí rẹ̀, àwọn tó wà lódìkejì á sì há síbẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ léraléra ní 2009, ó tún ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹta 2021. Àwọn ará ìlú kì í dààmú. Wọ́n ti ra ìrẹsì, bátìrì àti oúnjẹ ajá sílẹ̀, wọ́n jókòó dè é kó lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ṣiṣẹ́ àṣáálẹ́ nílé ìwòsàn Coffs Harbour ńkọ́? Apá odò tí ilé yín wà ló máa sọ bóyá ẹ débi iṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé ríra lẹ fẹ́ rà, ìwé kan wà tí kánsù ń fúnni, Section 10.7 ni wọ́n ń pè é, ó máa ń sọ bóyá òfin àkúnya omi de ilẹ̀ náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ béèrè owó ìbánigbófò kẹ́ ẹ tó béèrè iye ilé.

Ti Bright niná, òun ni mo bẹ̀rù jù. Ewé pupa tí gbogbo ayé ń yà ní fọ́tò kọ́ ló ń jó. Gum tó wà lórí òkè lẹ́yìn fọ́tò ni. Igi gum, ìyẹn eucalyptus, ní òróró nínú ewé. Ẹ fún ewé rẹ̀ lọ́wọ́, Robb ló máa ta yín nímú. Òróró yẹn ló ń gbaná. Ní 7 Oṣù Kejì 2009, iná igbó pa èèyàn 173 ní Victoria lọ́jọ́ kan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ run Marysville tán, ìlú tó kéré, tó kún fún igi, tí àwọn èèyàn máa ń lọ gbafẹ́ sí gẹ́gẹ́ bí Bright. Ní oṣù Kìíní 2020, iná tún sún mọ́ tòsí débi pé ìjọba ní kí àwọn àlejò kúrò ní agbègbè Bright, èéfín sì bo àfonífojì náà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Láti 2022, ìpele mẹ́rin ni wọ́n fi ń kéde ewu iná káàkiri Ọsirélíà, Catastrophic ló ga jù nínú wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kéde rẹ̀, ẹ ti gbọ́dọ̀ kúrò kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ẹ má dúró wòran. Ọ̀nà tó jáde kúrò ní Bright ò pọ̀, tí gbogbo èèyàn bá sì bọ́ sójú títì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ mọ bó ṣe máa rí.

Ọ̀rọ̀ kan kù lórí gum, ó kan gbogbo ìlú wọ̀nyí: ẹ má páàkì mọ́tò sábẹ́ rẹ̀, ẹ má sì pa àgọ́ síbẹ̀. Ó máa ń já ẹ̀ka ńlá sílẹ̀ láìsí ìjì, lọ́sàn-án gangan.

Ọ̀nà àti ilé ìwòsàn

Mọ́tò di dandan. Apá òsì ni wọ́n ń wà, kì í ṣe ọ̀tún bíi ti Nàìjíríà, kangarú sì máa ń já sójú ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́ àti ìdájí. Ọkọ̀ ojú irin Armidale sí Sydney ń gba nǹkan bí wákàtí mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Bàálù wà fún ẹni tí owó bá wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ti Bright ló yà mí lẹ́nu: kò ní rélùwéè mọ́, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì ń gbé yín lọ bá ọkọ̀ ojú irin ní Wangaratta, àti pé láti ìparí oṣù Kẹta 2023, ìjọba Victoria ti fi òdiwọ̀n sí owó ọkọ̀ ìgbèríko, kò ju ohun tí ará Melbourne ń san lójúmọ́ lọ. Ilé ìwòsàn kékeré wà ní Bright àti ní Bellingen. Nǹkan ńlá, ẹ máa lọ sí Wangaratta tàbí Albury láti ti àkọ́kọ́, sí Coffs Harbour láti ti èkejì. Aboyún ní láti ro ìrìn yẹn, lóru, nínú òjò.

Oúnjẹ, irun, ẹ̀sìn

Ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ gbàgbé ọjà ọmọ Áfíríkà. Gàrí àti èlùbọ́, Sydney, Melbourne tàbí Brisbane lẹ ti máa ra, tàbí kí wọ́n fi ránṣẹ́. Agbègbè Coffs Harbour ló sàn díẹ̀: àwọn ará Ṣíìkì ti ń dáko ní Woolgoolga tipẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tẹ́lẹ̀, blueberry báyìí, nítorí náà èròjà ọbẹ̀ gidi wà lágbègbè yẹn, àwọn ọmọ Áfíríkà tó wá bí olùwá-ibi-ìsádi sì wà níbẹ̀. Ata rodo máa ń so dáadáa lẹ́yìn ilé ní Bellingen. Ní Armidale, ìrì dídì á ti pa á kí oṣù Kẹfà tó pé. Ewé silverbeet ni mo máa ń rọ́pò ẹ̀fọ́ ṣọkọ̀, ó gbà. Ẹ má ṣe di irúgbìn ewédú mọ́ aṣọ wá láti ilé o, àwọn aṣọ́bodè pápákọ̀ òfurufú wọn ò ní ṣàánú yín.

Irun: ẹ kọ́ dídì kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ níbi gbogbo, àmọ́ ìsìn ìṣẹ́jú ọgọ́ta ni, wọ́n á sì mu tíì. Fún Mùsùlùmí, Armidale ni nínú àwọn mẹ́ta yìí, torí ibi ìkírun tó wà lọ́gbà yunifásítì.

Àwọn ará ìlú

Wọ́n ń kíni. Ẹni tó ti Sydney wá máa kọ́kọ́ rò pé wọ́n mọ òun tẹ́lẹ̀. Lójú ọ̀nà oko, ẹni tó ń wakọ̀ bọ̀ á gbé ìka kan sókè lórí ìdarí, ẹ̀yin náà á gbé tiyín. Bẹ́ ò bá gbé e, wọ́n á rántí. Wọ́n á gbé òroǹbó wẹ́wẹ́ àti ẹyin sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yín láìkanlẹ̀kùn. Bí wọ́n bá pè yín sí àpèjẹ, ẹ gbé oúnjẹ yín dání. Ọmọ ọdún mẹ́fà á pè yín lórúkọ, kò ní fi bọ̀dá tàbí àǹtí sí i, ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tó yá jù láti di ará ilé ni kẹ́ ẹ yọ̀ǹda ara yín: ẹgbẹ́ panápaná ìgbèríko, bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé ní àárọ̀ Sátidé, kántíìnì ilé ẹ̀kọ́. Ní Armidale, ojú wọn ti mọ́ra pẹ̀lú àjèjì. Láti 2018 ni ìjọba ti ń mú àwọn Yazidi tí ogun lé kúrò ní Ìráàkì àti Síríà wá síbẹ̀, nítorí náà ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn ti mọ bí wọ́n ṣe ń wá ògbufọ̀. Ní Bellingen, wọ́n á fẹ́ràn yín, nígbà mìíràn wọ́n á fẹ́ràn yín jù, gbogbo ọjà oṣooṣù ni wọ́n á máa béèrè bóyá ẹ máa ń lùlù. Ní Bright, àlejò ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè yín, ó lè pẹ́ kí wọ́n tó gbà pé ẹ ti kó wá.

Ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ lọ wò ó

Àsìkò tí ìlú ń pe àlejò gan-an ni kẹ́ ẹ yẹra fún. Ẹ lọ sí Armidale ní oṣù Keje, kẹ́ ẹ sùn mọ́jú nínú ilé tí wọ́n fẹ́ fi háyà fún yín bí wọ́n bá gbà. Ẹ lọ sí Bellingen ní oṣù Kẹta, lẹ́yìn òjò ọ̀sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ wo ibi tí àmì ẹrẹ̀ dé lára ògiri. Ti Bright, ẹ jẹ́ kí ọdún ewé kọjá, kẹ́ ẹ lọ láàárín oṣù Kìíní lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń fẹ́ láti àríwá. Ẹ bá ẹni tó ń tajà ní kánńtà sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tó ń fi ilé háyà, kẹ́ ẹ sì bi í pé ibo lòun alára ń gbé.